Aago Ọwọ́ Tó Wà Nínú Àpótí Bàbá

Bí a bá ti sin òkú àgbà tán ní agbègbè wa yìí, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Èmùré, tí àwọn ẹbí sì jókòó láti pín ogún, ilé àti oko kòkó ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà. Lẹ́yìn èyí ni aṣọ yóò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré kan sábà máa ń wà lábẹ́ ibùsùn, tí bàbá kó ìwé owó orí, fọ́tò àtijọ́, awò ojú àti aago ọwọ́ kan tàbí méjì sí. Àwọn ọmọ á gbé aago náà sétí. Bí wọn kò bá gbọ́ ìró, wọn á sọ ọ́ fún ọmọdé pé kó máa fi ṣeré. Ọ̀rọ̀ aago yẹn ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, pàápàá jù lọ oríṣi kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní chronograph.

Aago tó ń ṣe iṣẹ́ méjì ni. Ó ń sọ iye agogo tó lù gẹ́gẹ́ bí aago yòókù, ó sì tún lè ka ìwọ̀n àkókò tí nǹkan kan gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó wá dúró síbẹ̀ kí ẹni tó ni ín lè kà á. Láti ayé Áhásì ọba Júdà, ẹni tí Bíbélì mẹ́nu kan agogo òòrùn rẹ̀, ni ọmọ aráyé ti ń wá ọ̀nà láti fi ojú rí àkókò tó ń kọjá lọ. Ní 1816, Louis Moinet, ará Faransé, ṣe irinṣẹ́ kan tó lè pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 60, kí ó lè máa fi wo ìrìn àwọn ìràwọ̀. Ní 1821, Nicolas Rieussec gbé tirẹ̀ lọ sí pápá eré ẹṣin ní Paris. Yíǹkì ni ó fi sínú tirẹ̀: bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan bá ti dé òpin, irinṣẹ́ náà á kán yíǹkì sójú aago. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá, nítorí ní èdè Gíríìkì, ohun tó ń kọ àkókò sílẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí yíǹkì kankan nínú rẹ̀ mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Ní 1844, Adolphe Nicole gba ìwé àṣẹ lórí irin kékeré kan tó rí bí àwòrán ọkàn tí àwọn ọmọdé máa ń yà. Irin yìí ló ń dá ọwọ́ aago padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá tẹ bọ́tìnnì, ibi yòówù kí ọwọ́ náà ti rìn dé. Títí di òní, ẹ tú èyíkéyìí nínú àwọn aago wọ̀nyí, ẹ ó bá irin náà níbẹ̀. Ní 1913 ni ilé iṣẹ́ Longines ní Switzerland ṣe ẹ̀rọ irú aago yìí tó kéré tó ohun tí a lè so mọ́ ọrùn ọwọ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun náà ló ń dá a dúró, òun náà ló ń dá a padà. Breitling ló wá fi bọ́tìnnì kejì kún un ní 1934. Láti ìgbà náà ni a ti lè dá a dúró kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, láìjẹ́ pé ó padà sí òdo.

Báwo ni ẹ ó ṣe dá a mọ̀? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹ bá rí orí tí a fi ń yí aago, tí bọ́tìnnì kan wà lókè rẹ̀ tí òmíràn sì wà nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òun ni. Ẹ tún wo ojú rẹ̀: ẹ ó rí ojú aago kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta nínú ojú ńlá náà. Ọ̀kan ń ka ìṣẹ́jú, ó sábà máa ń jẹ́ 30. Ọ̀kan lè máa ka wákàtí dé 12. Èyí tó kù ni ìṣẹ́jú àáyá tó ń rìn nígbà gbogbo. Ọwọ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín kì í rìn rárá àfi bí a bá tẹ bọ́tìnnì òkè.

Ọwọ́ tí kì í rìn yìí ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú àdánù. Opó kan ní Èmùré mú aago ọkọ rẹ̀ wá bá wa. Ọkùnrin kan tó máa ń ra ògbólógbòó nǹkan kiri ti sọ fún un pé, “Màmá, aago yìí ti kú. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò rìn? Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ₦3,000, kí n ṣáà fi ràn yín lọ́wọ́.” Màmá ì bá ti gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ fi han ẹnì kan. A yí orí aago náà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kékeré tó wà lápá òsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A tẹ bọ́tìnnì òkè, ọwọ́ gígùn náà gbéra, ó ń fò díẹ̀díẹ̀ lọ. Màmá di ẹnu mú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, òun kò mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ń rìn. Ọkọ rẹ̀ kì í fi í ṣeré níwájú ènìyàn. Ẹnu iṣẹ́ nìkan ló máa ń lò ó.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni àwọn nọ́ńbà pupa kéékèèké tó wà létí ojú aago náà. Àwọn ọmọ màmá rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Dípẹ́ńsà ni bàbá wọn nígbà ayé rẹ̀, aago àwọn dókítà sì ni aago náà. Ohun tí à ń sọ nìyí: dókítà yóò di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, yóò tẹ bọ́tìnnì bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí iṣan ṣe ń lù, yóò kà á dé 30, yóò sì tún tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọwọ́ gígùn bá dúró sí, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni iye ìgbà tí iṣan náà ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí 30 bá pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25, 72 ni yóò kà lójú aago. Kò sí ìṣirò kankan tó fẹ́ ṣe. Àwọn aago mìíràn wà tí a ṣe fún kíkà dé 15, a sì máa ń kọ ọ́ sójú wọn. Nọ́ọ̀sì tó ní aago lásán lára aṣọ rẹ̀ ní láti kà, kí ó sì ṣe ìsọdipúpọ̀ lọ́kàn. Ẹni tó ní irú aago bàbá yẹn, kíkà nìkan ni tirẹ̀.

Oríṣi nọ́ńbà méjì mìíràn tún wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó nípa ìró rẹ̀. Àwọn sójà ló lò ó jù, láti mọ bí ìbọn ńlá ọ̀tá ṣe jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ lè lò ó nígbà òjò. Bí mànàmáná bá kọ lẹ́yìn Òkè Olósùnta, kí ó tẹ bọ́tìnnì. Bí àrá bá sán, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìró máa ń rìn tó nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà bí ìṣẹ́jú àáyá 3 bá kọjá, àrá náà jìnnà tó kìlómítà kan. Ojú aago ti ṣe ìṣirò yìí sílẹ̀. Bí ó bá kà tó 1 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kí onítọ̀hún dìde nílẹ̀ kí ó wọlé.

Èkejì ni ti eré ọkọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì bí ẹ bá ti kọjá òkúta kìlómítà kan lójú ọ̀nà, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá dé èkejì. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 45, nọ́ńbà tí ẹ ó rí ni 80, èyí tí í ṣe kìlómítà 80 ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ 30, ó di 120, kí ẹ sì kìlọ̀ fún dírẹ́bà. Nínú ọ̀pọ̀ irú aago yìí, 60 ni nọ́ńbà tó kéré jù. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó ní àwọn ọdún tó bàjẹ́ bàlùmọ̀ mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí yóò dé orí nọ́ńbà yẹn láti àárọ̀ di alẹ́.

Ohun kan tí a tún fẹ́ràn nínú àwọn aago wọ̀nyí ni bí àwọn tó ṣe wọ́n ṣe fi ọgbọ́n kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú àyè tí kò ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ, láìjẹ́ kí ojú dàrú. Ọwọ́ tó ń sọ wákàtí lè nípọn, tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá á sì tín-ín-rín bí irun. Àwọn mìíràn fi iná yan irin ọwọ́ náà títí yóò fi di búlúù, kì í ṣe ọ̀dà. Àwọn kan fi ojú kéékèèké dúdú sínú ojú funfun, kí ojú ẹni tó ń sáré lè tètè rí wọn. Ẹ sì wo ojú aago dúdú kan tí oòrùn ti pa fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún: ó ti di àwọ̀ kòkó gbígbẹ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti bàjẹ́, á sì lọ kùn ún. Àwọn tó ń ṣa aago jọ á san owó ju ti tuntun lọ lórí àwọ̀ yẹn gan-an, nítorí kò sí bí méjì wọn ṣe lè rí bákan náà.

Àwa náà ti ń ṣa irú aago yìí jọ láti àwọn ọdún 1990, nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àwọn kan ti bi wá bóyá ó yẹ kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa ná owó sórí aago. Ìdáhùn wa ni pé inú páànù àwọn tó ń tún aago ṣe lọ́jà ni a ti rí èyí tó pọ̀ jù, ní owó tí kò tó ti bàtà. Ẹ rántí àwọn bàbá náà: àpótí onígíláàsì níwájú, agboòrùn lókè, awò kékeré ní ojú kan. Nígbà tí owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, ọ̀pọ̀ ló ra rédíò, alùpùpù àti aago ọwọ́, iṣẹ́ sì pọ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni aago oníbátìrì pọ̀ lọ́jà, tó jẹ́ pé bí ó bá kú a ó ra òmíràn. Nígbà tí fóònù GSM sì dé ní oṣù kẹjọ 2001, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo agogo lójú fóònù. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá yẹn kò rí ọmọ tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan náà ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Switzerland. Ọdún 1969 ni ọdún ògo fún chronograph. Ṣáájú ọdún náà, gbogbo wọn ni a ní láti fi ọwọ́ yí. Lọ́dún yẹn, Zenith, ẹgbẹ́ Heuer àti Breitling pẹ̀lú àwọn alábàáṣe wọn, àti Seiko ti Japan, gbé èyí tó ń fi ìrìn ọwọ́ ẹni yí ara rẹ̀ jáde láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Buzz Aldrin so Omega Speedmaster mọ́ ọwọ́ rìn lójú òṣùpá. Neil Armstrong fi tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nítorí aago inú ọkọ̀ ti dákẹ́. Ní oṣù kẹrin 1970, nígbà tí ọkọ̀ Apollo 13 bàjẹ́ lójú ọ̀run, tí wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú rẹ̀ kí iná lè tó wọn dé ilé, irú aago ọwọ́ yìí ni wọ́n fi ka ìṣẹ́jú àáyá 14 tí wọ́n fi tan ẹ̀rọ láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padà délé láàyè.

Ṣùgbọ́n ní Kérésìmesì 1969 yẹn náà ni Seiko gbé aago ọwọ́ oníbátìrì àkọ́kọ́ tó ń lo quartz sórí àtẹ. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ aago púpọ̀ ní Switzerland ti kógbá sílé. Ní 1975, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ni Zenith nígbà náà pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ aago onísípíríìngì dúró, kí wọ́n sì ta àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ bí irin àlòkù. Òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀, Charles Vermot ni orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́. Ó wá ń kó àwọn irinṣẹ́ náà gun òkè àjà ní ìkọ̀kọ̀, ó kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ̀nà tí a ń gbà lò wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ayé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá aago onísípíríìngì ní àwọn ọdún 1980, òkè àjà yẹn ni wọ́n lọ. Láti 1988 títí di 2000, Rolex pàápàá ń ra ẹ̀rọ náà fi sínú Daytona tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń sọ pé aago wọ̀nyí péye ju ti òde òní lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń fò ní ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn kan tó yára ń fò ní ìgbà 10. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje 2022, ọmọ wa Tobi Amusan láti Ìjẹ̀bú-Òde sáré eré onídènà mítà 100 ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà. Ó kọ́kọ́ sá 12.12, èyí tó di àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ó tún sá 12.06, ṣùgbọ́n wọn kò kà á mọ́ àkọsílẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Bí a bá fi aago tó ń fò ní ìgbà 5 wọn eré méjèèjì, ibì kan náà ni ọwọ́ rẹ̀ ì bá dúró sí.

A ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń béèrè pé, “Pásítọ̀, èló ni wọ́n ń tà á?” Ní oṣù kẹwàá 2017, ní New York, wọ́n ta Daytona tí Paul Newman òṣèré fi sọ́wọ́ ní dọ́là 17,752,500. Ìyàwó rẹ̀ ló rà á fún un, ó sì fín in sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Nígbà tí wọ́n ń ta irú aago náà ní tuntun, kò yá rárá; àwọn oníṣòwò kò rí i tà. Ìtàn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn ènìyàn yá owó lọ ra aago. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ní oṣù kọkànlá 2021, wọ́n ta Speedmaster àtijọ́ kan ní Geneva ní owó Switzerland tó lé ní mílíọ̀nù 3. Ilé iṣẹ́ Omega fúnra rẹ̀ ló rà á fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀. Ní 2023 ni ó hàn pé a kó ẹ̀yà oríṣiríṣi aago jọ láti fi ṣe é ni, Omega sì sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ òun àtijọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe aago kò bá dá aago ara rẹ̀ mọ̀, kí ni ti ẹni tó lọ rà á lábẹ́ afárá ní Èkó? Àwọn ayédèrú tí wọ́n ń tà níbẹ̀ sábà máa ń ní ojú kéékèèké tí ọwọ́ wọn kì í rìn rárá, àwòrán lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá irú aago yìí nínú àpótí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀ tàbí kí ó fi ẹ̀rọ dán ara rẹ̀. Ẹ má fi sí omi. Bí ọwọ́ gígùn bá ń rìn, ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì òkè kí ó dúró, kí ẹ tó tẹ ti ìsàlẹ̀ tó ń dá a padà. Títẹ ti ìsàlẹ̀ nígbà tó ń rìn lè ba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju owó lọ ni ti ìlera. Aago tí wọ́n ṣe ṣáájú àwọn ọdún 1960, tó máa ń tàn lókùnkùn, lè ní radium nínú ọ̀dà rẹ̀. Ní ìlú Orange ní New Jersey, láti 1917, wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin láti máa kun ojú aago. Wọ́n ní kí wọ́n máa fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ṣóńṣó. Eegun àgbọ̀n wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ sì kú. Lẹ́yìn ọdún 1,600, ìdajì agbára radium náà ṣì kù. Pé aago kò tàn mọ́ kò túmọ̀ sí pé ó ti kúrò níbẹ̀; ohun tó ń mú un tàn ló ti gbó. Bí gíláàsì irú aago bẹ́ẹ̀ bá ti fọ́, ẹ má ṣí i nínú ilé, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ẹ má sì fi fún ọmọdé. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fọ ọwọ́.

Àwọn ọmọ opó Èmùré náà jọ jókòó lórí aago bàbá wọn. Wọ́n pinnu pé wọn kò tà á, àbíkẹ́yìn wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. A ní kí wọ́n ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n kọ orúkọ bàbá sí i, ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọdún tí ó fẹ̀yìn tì, ibi tí ó ti ra aago bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá mọ̀ ọ́n, àti nọ́ńbà tí a fín sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì fi fọ́tò kan tí aago náà ti hàn lọ́wọ́ rẹ̀ sí àárín ìwé náà. Fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n rí.